Ta Ni A Ṣe É Fún? Ṣíṣe Iṣẹ́ Rere Nítorí Ọlọ́hun Nìkan

Kútúbà ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ láti ẹnu igbákejì Lèmọ́mù, Iyana Iyesi, Ọ̀tà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn, tí ó sì mọ ohun tí ó pamọ́ sínú igbáàyà. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Òun nìkan, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànọ́bì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ṣe àsọọ́lẹ̀ fún ara wa ná, kí á tó fi ṣe àsọọ́lẹ̀ fún yín.

Ní oṣù Ramadan tí ó kọjá, ìjọ wa kó owó jọ, a ra ìrẹsì, a dì í sínú àpò kéékèèké, a sì pe àwọn aláìní àdúgbò wa kí wọ́n wá gbà á ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Obìnrin opó kan wà lórí ìlà. Ó ti dúró láti òwúrọ̀. Nígbà tí ó ku ẹni mẹ́ta kí ó kàn án, ó rí i pé a ń ya àwòrán gbogbo ẹni tí ó bá gba àpò, a sì ń ní kí wọ́n gbé àpò náà sókè kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yọ kúrò lórí ìlà, ó fa ìbòrí rẹ̀ bo ojú, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí a gbọ́, a wá a lọ. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé: “Ẹ má bínú, Ààfáà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ ọmọ mi ni. Bí àwọn àna wa bá rí àwòrán yẹn lórí fóònù, ojú wo ni ọmọ mi yóò fi wọ ilé wọn? Ebi ò ní pa wá kú.”

Ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tí ó mú fóònù dání ni a fẹ́ bá wí. Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni a ní kí wọ́n ya àwòrán náà. Ohun tí a sọ ni pé kí àwọn tí ó dáwó lè rí i pé ibi tí ó yẹ ni a ná owó wọn sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí a bi ọkàn wa léèrè, a rí i pé ìdí kejì wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́: a fẹ́ kí àwọn ìjọ yòókù rí i pé tiwa ń gbèrú. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti fi wá lọ́rùn sílẹ̀: ta ni a ṣe é fún? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Àníyàn ni gbòǹgbò iṣẹ́

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé Sahih tí Imam Bukhari kó jọ, hádíìsì tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ ni èyí tí Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà láti ẹnu Ànọ́bì. Imam Nawawi náà fi í ṣe èkíní nínú àwọn hádíìsì ogójì tí ó kó jọ. Kókó rẹ̀ ni pé àníyàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́, àti pé ohun tí oníkálukú bá gbèrò ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Ànọ́bì fi híjírà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí: ẹni méjì lè jọ kúrò ní Móòkà, kí wọ́n jọ gba ọ̀nà kan náà, kí oòrùn kan náà jọ pa wọ́n. Èkíní ń lọ bá Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀, ó sì gba láádá híjírà. Èkejì ń lọ nítorí ọrọ̀ ayé tàbí nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́, kò sì ní rí ju ohun tí ó bá lọ. Ẹsẹ̀ wọn kò yàtọ̀, eruku tí ó bò wọ́n kò yàtọ̀. Inú ọkàn ni ìyàtọ̀ wà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pe mímú iṣẹ́ mọ́ fún Ọlọ́hun nìkan ní ikhlas. Bí ẹ bá fẹ́ mọ adùn ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ wo Suuratun-Nahl, áàyà 66. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pe àkíyèsí wa sí wàrà tí ó ń ti inú ẹran ọ̀sìn jáde, láàárín ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀, tí ó sì mọ́ lóló. Ọ̀rọ̀ tí Ó lò fún mímọ́ wàrà náà, gbòǹgbò kan náà ni òun àti ikhlas jọ ní. Ìgbẹ́ wà lápá kan, ẹ̀jẹ̀ wà lápá kejì, síbẹ̀ ìkankan nínú méjèèjì kò kán sínú wàrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ ẹrú Ọlọ́hun ṣe yẹ kí ó jáde láàárín ìfẹ́ ìyìn àti ìbẹ̀rù ẹ̀gàn, kí ìkankan má sì kán sí i.

Òdìkejì rẹ̀ ni ṣekárími. Àwọn baba wa ti túmọ̀ rẹ̀ tán nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: ṣe é kí á lè rí mi. Nínú hádíìsì tí Imam Ahmad gbà wá láti ọ̀dọ̀ Mahmud ọmọ Labid, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pè é ní ẹbọ kékeré, ó sì ní òun ni ohun tí òun ń bẹ̀rù jù lórí wa. Ó fi kún un pé ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun yóò san ẹ̀san iṣẹ́, Yóò ní kí àwọn oníṣekárími lọ bá àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún kí wọ́n rí i, kí wọ́n lọ wò ó bóyá wọn yóò rí ẹ̀san kankan gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn mẹ́ta tí a ó kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ wọn

Hádíìsì kan wà tí ó ṣòro fún Abu Huraira láti sọ. Nínú ohun tí Imam Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan wọ Mọ̀díínà, ó bẹ Abu Huraira pé kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, Abu Huraira fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí yóò dákú, títí ó fi dojúbolẹ̀ tí ẹni tí ó bi í léèrè sì gbé e ró. Ọ̀rọ̀ tí ó wá sọ nìyí, Imam Muslim náà sì gbé e wá: ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ wọn ni ẹni tí ó kú sójú ogun ẹ̀sìn, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ tí ó sì fi kọ́ ẹlòmíràn tí ó ń ké Al-Qur'an, àti ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ọrọ̀ tí ó sì ń ta á lọ́rẹ. A ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ìdẹ̀ra Ọlọ́hun ṣe. Oníkálukú yóò ní nítorí Ọlọ́hun ni òun ṣe ṣe é. A ó ní irọ́ ni: èkíní jà kí á lè pè é ní akọni, èkejì kàwé kí á lè pè é ní onímọ̀, ẹ̀kẹta nawọ́ kí á lè pè é ní ọlọ́rẹ. Wọ́n sì ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀. A ó sì wọ́ wọn lọ sínú Iná. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Muawiya, ó sunkún gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Kò sí ọ̀mùtí nínú wọn, kò sí olè, kò sí alágbèrè. Bí wọ́n bá wọ mọ́sáláṣí wa lónìí, ààyè iwájú ni a ó fún wọn. Ohun tí ó pa wọ́n ni pé wọ́n ti gba owó iṣẹ́ wọn tán láyé. Lébìrà tí ó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé ní ọ̀sán, kí ni yóò tún padà wá bèèrè ní ìrọ̀lẹ́? Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni èyí. Ẹnì kejì nínú wọn, ààfáà ni. Àwa tí à ń gun mínbárì, tí à ń ti ohùn kíké wa ṣe nígbà tí a bá mọ̀ pé wọ́n ń gbà á sílẹ̀, àwa ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Nínú Suuratul-Baqarah, áàyà 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wọn jẹ́, bí ẹni tí ń ná owó rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé òkúta dídán tí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ bò, tí òjò ńlá rọ̀ sí, tí ó sì fọ̀ ọ́ di borogidi. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí erùpẹ̀ náà, yóò rò pé oko ni. Òjò kan ṣoṣo ni yóò fi hàn pé kò sí ibi tí irúgbìn lè ta gbòǹgbò sí. Ní áàyà tí ó tẹ̀ lé e, Ó fi ẹni tí ń nawó nítorí ìyọ́nú Ọlọ́hun wé ọgbà orí òkè tí òjò ńlá mú kí ó so ìlọ́po méjì. Bí òjò ńlá kò bá sì rọ̀, ìrì tó o.

Nígbà tí a ka áàyà yìí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin opó yẹn, ẹ̀rù bà wá. Ìrègún kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Àwòrán tí ó wà lórí fóònù ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ìrègún tí kò ní parí ni. Ìpalára kì í sì í ṣe èébú nìkan. Kí á ní kí ẹni tí ebi ń pa rẹ́rìn-ín sí wa kí ó tó jẹun, ìpalára ni.

Àwọn alábàárù Mọ̀díínà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lébìrà ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, tí ẹ ń já ẹrù lórí ọkọ̀ ńlá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹ fi etí sí èyí, nítorí tiyín ni. Abu Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn ará Mọ̀díínà, ròyìn rẹ̀ nínú Bukhari àti Muslim pé nígbà tí àṣẹ sàráà sọ̀kalẹ̀, àwọn sàhábà tí kò ní nǹkan a máa ṣe alábàárù. Wọn a ru ẹrù kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi tọrẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Abu Aqil, mú ìdajì òdiwọ̀n sọ́ọ̀ wá. Sọ́ọ̀ kan, múdù mẹ́rin ni; ìdajì rẹ̀ jẹ́ múdù méjì péré. Ẹlòmíràn kó ohun tí ó pọ̀ wá. Àwọn munafiki sọ fún ẹni tí ó mú kékeré wá pé Ọlọ́hun kò nílò irú èyí. Wọ́n sì sọ nípa ẹni tí ó mú púpọ̀ wá pé ṣekárími ni ó ń ṣe. Ìgbà náà ni áàyà 79 nínú Suuratut-Tawbah sọ̀kalẹ̀, tí Ọlọ́hun bá àwọn abúni náà wí, tí Ó sì ṣèlérí ìyà fún wọn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, múdù méjì ẹni tí ó ru ẹrù kí ó tó rí i, ó tó ohun tí Al-Qur'an ń gbèjà. Bí a bá ń ké orúkọ àwọn tí ó mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá, tí ẹni tí ó mú igba náírà wá sì fi tirẹ̀ sápò padà nítorí ìtìjú, àwa ni a jẹ́ kí ojú tì í. Ọlọ́hun kò kọ tirẹ̀. Èkejì, ẹnu ọmọ aráyé kò ní dákẹ́: o mú díẹ̀ wá, wọn yóò sọ, o mú púpọ̀ wá, wọn yóò sọ. Ẹni tí ó bá ń ṣe é nítorí ẹnu wọn ti fi omi sínú ajere. Ẹ̀kẹta sì ni èyí: àwọn tí ó ń pe ẹlòmíràn ní oníṣekárími nínú ìtàn náà, munafiki ni wọ́n. Kútúbà tòní kì í ṣe fún kí á fi wo ọkàn aládùúgbò wa. Ọkàn tiwa ni kí á fi wò.

Ṣé gbogbo ohun tí ó hàn ni ṣekárími?

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á kúkú máa fi gbogbo iṣẹ́ rere pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Suuratul-Baqarah, áàyà 271, jẹ́ kí á mọ̀ pé sàráà tí a ṣe ní gbangba dára. Ó ní èyí tí a fi pamọ́ tí a sì fún àwọn aláìní ni ó lóore jù. Ní ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí Jarir ọmọ Abdullah ti sọ ọ́ nínú Muslim, àwọn ènìyàn láti ìran Mudar wá bá Ànọ́bì, aṣọ wọn ti ya, ìyà hàn lára wọn, ojú Ànọ́bì sì yí padà. Ó pe ìjọ jọ, ó rọ̀ wọ́n. Ará Mọ̀díínà kan gbé àpò owó kan wá lójú gbogbo ènìyàn, tí ó wúwo débi pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e. Bí àwọn yòókù ti rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú oúnjẹ àti aṣọ wá títí ó fi di òkìtì méjì. Ojú Ànọ́bì tàn, ó sì ní ẹni tí ó bá fi àṣà rere lélẹ̀ nínú Islam yóò gba láádá rẹ̀ àti irú láádá gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí ń fúnni ni gbogbo ènìyàn rí ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí àwọn ará Mudar to ìlà kí wọ́n máa dúpẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ wo Muhammad Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sierra Leone, tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sáláṣí ní Martins Street ní Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, tí ó fi oyè Bey dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Shitta Bey. Kò sí ohun tí ó hàn ju èyí lọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní 1895, ó jáde láyé. Oyè kò bá a wọ sàréè, ṣùgbọ́n ìrun tí wọ́n ń kí nínú mọ́sáláṣí náà kò tíì dáwọ́ dúró. Ta ni nínú wa tí ó tó láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀? Ọlọ́hun nìkan ni. Tiwa ni kí á máa tọrọ àánú fún un.

Ẹ wá wo èyí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn wọn nù. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú wa lónìí ló jókòó nínú àwọn ilé ìwé náà. Ta ni nínú wa tí ó lè dárúkọ ẹni mẹ́wàá nínú àwọn ìyá aláte àti àwọn baba oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó dá owó náà? A kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, ìhàn iṣẹ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Fudayl ọmọ Iyad, ọ̀kan nínú àwọn ẹni rere ìgbà ìjímìjí, ti là á yé wa pé kí ènìyàn fi iṣẹ́ rere sílẹ̀ nítorí ojú ènìyàn, ṣekárími ni. Kí ó sì ṣe iṣẹ́ nítorí ojú ènìyàn, ẹbọ ni. Ikhlas ni kí Ọlọ́hun gbà ọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. Bí o bá ṣe é fún Ọlọ́hun, tí àwọn ènìyàn wá gbọ́ tí wọ́n sì yìn ọ́, má bẹ̀rù. Wọ́n bi Ànọ́bì léèrè irú èyí, ó sì ní ìró ìdùnnú tí ó tètè dé bá onígbàgbọ́ òdodo ni. Imam Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Dharr. Ohun tí a ń sá fún ni kí ìyìn jẹ́ ohun tí a bá jáde nílé.

Ẹrù tí wọ́n rí àpá rẹ̀ lẹ́yìn ikú

Báwo wá ni a ṣe lè dán ọkàn wa wò? Ìdánwò kan ni kí á wo ohun tí à ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí ó rí wa. Nínú àwọn irú ènìyàn méje tí Ọlọ́hun yóò fi sábẹ́ ibòòji Rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ibòòji mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Bukhari àti Muslim, ọ̀kan ni ẹni tí ó ṣe sàráà tí ó sì fi í pamọ́ débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ná.

Ali, ọmọ Husayn, ọmọ ọmọ Fatimah ọmọ Ànọ́bì, tí a ń pè ní Zaynul-Abidin, gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn Islam sọ pé àwọn ilé kan wà ní Mọ̀díínà tí oúnjẹ a máa dé ẹnu ọ̀nà wọn lóru, tí wọn kò sì mọ ẹni tí ń gbé e wá. Ìgbà tí Zaynul-Abidin kú ni oúnjẹ náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, wọ́n rí àpá dúdú lẹ́yìn rẹ̀: àpá àpò ìyẹ̀fun tí ó ń pọ̀n kiri nínú òkùnkùn ni. Ọmọ ilé ńlá ni. Ó lè rán ìránṣẹ́. Ó yàn láti jẹ́ alábàárù kí ojú má baà ti ẹni tí ń gbà á.

Níbi iṣẹ́, nígbà tí ọ̀gá kò sí

Iṣẹ́ rere kò pin sí sàráà. Bukhari àti Muslim gba ìtàn àwọn mẹ́ta kan wá, tí òkúta yí dí ẹnu ihò mọ́. Oníkálukú fi iṣẹ́ kan tí ó ṣe nítorí Ọlọ́hun nìkan bẹ Ọlọ́hun. Ọ̀kan tọ́jú òbí rẹ̀ tí ó ti darúgbó. Ọ̀kan yàgò fún àgbèrè nígbà tí ààyè rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó gba lébìrà síṣẹ́ ni. Lébìrà kan lọ láìgba owó rẹ̀. Ọ̀gá náà fi owó ọ̀hún ṣòwò títí ó fi di ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí lébìrà náà padà dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó kó gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Òkúta sì yí kúrò.

Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí kóòtù tí ó lè dá ọ̀gá náà lẹ́bi bí ó bá san iye tí wọ́n jọ sọ níbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ikhlas ní ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́ ní Iyana Iyesi àti Sango-Ọ̀tà, bí ẹ bá pín oúnjẹ ìṣínu fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ramadan tí owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sì wà nílẹ̀ láìsan, ta ni ẹ ṣe é fún? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kára nígbà tí alábòójútó bá wọlé, tí ó sì ń sùn ní iṣẹ́ òru nígbà tí alábòójútó bá lọ, ta ni ó ń sìn? Ọba tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, ń wò.

Kútúbà kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad. Ẹ̀yin ará wa, ìwàásù tí kò yí ìwà padà, ariwo ni. Nítorí náà, a ti bá Lèmọ́mù àgbà àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí jíròrò, a sì fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní: láti òní lọ, a kò ní ya àwòrán ojú ẹnikẹ́ni tí ó bá gba sàráà tàbí sàká nínú mọ́sáláṣí yìí. Àwọn tí a ti yà, a ti pa wọ́n rẹ́; ẹ̀yin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, a bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́hun, ẹ pa wọ́n rẹ́.

Èkejì: iye tí ó wọlé àti iye tí a ná, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lóṣooṣù láìkọ orúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikhlas bojú fún àìṣírò. Ṣíṣe ìṣirò owó ìjọ ní gbangba kì í ṣe ṣekárími, àmánà ni. Ojú aláìní ni a ní kí á bò. A kò ní kí á bo ìwé owó.

Ẹ̀kẹta: a ó gbé àpótí olójú kékeré sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó mú igba náírà wá àti ẹni tí ó mú igba ẹgbẹ̀rún wá yóò jọ máa fi í síbẹ̀. Bí ìgbà kan bá dé tí a ní láti rọ ìjọ ní gbangba, bí ọjọ́ àwọn ará Mudar, a ó rọ̀ yín, ṣùgbọ́n a kò ní fi orúkọ ẹnìkan dójú ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin: ilé ni a ó máa gbé oúnjẹ bá àwọn tí a bá mọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́, láìwọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan.

Ní ti oníkálukú wa, Zubayr ọmọ Awwam, sàhábà Ànọ́bì, gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé ẹni tí ó bá lè ní iṣẹ́ rere kan ní ìpamọ́, kí ó ní in. Kí oníkálukú lọ wá tirẹ̀. Ó lè jẹ́ rákà méjì lóru. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ kò ní mọ ẹni tí ó san án. Ó lè jẹ́ gọ́tà iwájú ilé aládùúgbò tí o gbá mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ má gbọ́. Bí ó bá ń wù ọ́ láti sọ ọ́, ìwúrí yẹn gan-an ni ohun tí ò ń bá jà.

Ní ti obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, a bẹ̀ ẹ́, ó sì ti dárí jì wá. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó sọ ọ́ nínú kútúbà yìí. Ẹ má ṣe wádìí ẹni tí ó jẹ́. Kí Ọlọ́hun má sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé nítorí kí ẹ lè yìn wá ni a ṣe jẹ́wọ́ àṣìṣe wa, nítorí ṣekárími a máa wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú.

Ọlọ́hun Ọba, a sá di Ọ́ kúrò níbi kí á mọ̀ọ́mọ̀ wá orogún fún Ọ, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ fún èyí tí a kò mọ̀. Fọ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ṣekárími, fọ ahọ́n wa mọ́ kúrò nínú ìrègún. Gba sàráà ẹni tí ó mú púpọ̀ wá àti ti ẹni tí ó mú díẹ̀ wá. Bo àsìrí àwọn aláìní wa, má sì jẹ́ kí ọwọ́ wa jẹ́ ohun tí yóò tú u. Fi ọlà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn lébìrà wa, jẹ́ kí àwọn ọ̀gá wọn bẹ̀rù Rẹ. Ṣàánú fún àwọn tí ó kọ́ mọ́sáláṣí àti ilé ìwé fún wa, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí a kò mọ̀. Fi àlàáfíà sí Iyana Iyesi, sí Ọ̀tà, sí ìpínlẹ̀ Ògùn àti sí orílẹ̀-èdè wa. Àmín, Olúwa gbogbo àgbáyé.

Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ Ọlọ́hun wà nínú ìwé yìí. Ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀, ẹ má ṣe fi di nǹkan. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún ẹlòmíràn.